Ẹni Tí Yóò Yẹ Ìṣirò Lempi Wò

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara Lempi Hakala kò ti lélẹ̀. Bó bá jókòó sídìí tábìlì, á dìde lọ nu abọ́ tó ti nù tẹ́lẹ̀. Bó bá nu abọ́ tán, á lọ dúró lẹ́nu fèrèsé, á máa wo yìnyín oṣù Kẹrin tó ń yọ́ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, bí ẹni pé òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Ajá rẹ̀ kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé e kiri. Nígbà tó yá, ó sú ajá náà, ó lọ sùn.

Ohun tó ń lé obìnrin yìí kiri nínú ilé ara rẹ̀ kò ju nọ́ńbà méjì lọ. Ní ojú ìwé kejìdínláàádọ́rùn-ún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, 64 ló yẹ kó kọ, 46 ló kọ. Ó yí i sódì nígbà tó ń dà á kọ láti ojú ìwé tó ṣáájú. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí, kò sì yẹ kó pa oorun ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lábẹ́ 46 yẹn ni Arvo Kestila, olùyẹ̀wò rẹ̀, ti fi pẹ́ńsùlù yẹ́lò fa ìlà, ìlà tó gún régé, tó túmọ̀ sí pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tọ̀nà. Ó tún kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀: A.K.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Oyè tí Lempi ń lé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn ní dókítà. Oyè Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn másítà ló wà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló sì máa ń lé e, àwọn tó ti ní ilé, ọmọ, àti ọ̀gá tí kì í fún wọn láyè. Ohun tí yunifásítì ń bèèrè wà lórí ìwé kan tó ti lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì Lempi láti ọdún méje, tí epo ti ta sí, tí igun rẹ̀ kan sì ti ya. Ọgbọ̀n yúníìtì lẹ́yìn ti másítà, ẹyọ kan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí o ti fi gba másítà. Ọdún kan gbáko nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìwádìí tó yanjú ìṣòro gidi kan tó ń dààmú àwọn ènìyàn gidi, kì í ṣe àròsọ. Kí gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín ọdún méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kọ́ọ̀sì tí o kọ́kọ́ ṣe á kú, wàá tún wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni òfin kan wà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló sì ní in: ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ìṣirò bá wà gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà orúkọ ènìyàn méjì, ẹni tó ṣe é àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe olùkọ́ rẹ, o sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá tọ̀nà, á fi yẹ́lò sí i. Èyí tí kò bá tọ̀nà, á fi pupa yí i po. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́fíìsì afárá láti ayébáyé nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nítorí ojú tó ṣe àṣìṣe kì í sábà rí i.

Igba ojú ìwé ó lé mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ Lempi, lórí afárá irin àtijọ́ tó wà lórí odò Kelo: ṣé ó ṣì lè gbé àwọn agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó, àbí kí wọ́n tì í pa? Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ọdún méje yóò pé géérégé. Darlene Bouchey, akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, ti sọ fún un lórí fóònù pé kó má ṣe jẹ́ kó di ìjà. Ó ní bó bá ku ìṣẹ́jú kan kí aago méjìlá lù, ọ̀rẹ́ Lempi ni òun. Bó bá fi ìṣẹ́jú kan kọjá, akọ̀wé ni òun.

Kí ló wá dé tí oyè yìí fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ọ̀gá tó ń bójú tó afárá ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń fẹ̀yìn tì lóṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ sì ti sọ pé ẹni tí kò bá ní oyè yẹn kò ní jókòó sórí àga náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú ọkùnrin láti ibòmíràn wá jẹ́ ọ̀gá lé Lempi lórí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló jẹ́ pé Lempi ló fi afárá han ọ̀gá tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lógójì ọdún. Bí wọ́n bá tún mú ẹnìkan wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó mọ̀ pé òun kò ní lè rẹ́rìn-ín sí onítọ̀hún.

Ó lè tún ojú ìwé kan ṣe, kí Arvo fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni àwọn tó kù. Bí Arvo kò bá rí eléyìí, kí ni kò tún rí? Arvo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Òun ni ọ̀gá Lempi lọ́fíìsì afárá fún ọdún mọ́kànlá, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, ilé rẹ̀ létí adágún ló sì ń dá gbé látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan sọ pé ó ní kí ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù bá òun ka iye tí wọ́n kọ sára ẹja. Lempi fi èyí rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní báyìí, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Àbí ojú bàbá yìí ti lọ ni, tó kàn ń fa ìlà yẹ́lò kiri?

Ẹni tó lórí pípé á gbé fóònù, á bi í. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bi ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ pé ṣé ojú rẹ̀ ṣì ń ríran? Lempi gbé fóònù nígbà mẹ́ta, ó sì gbé e sílẹ̀ nígbà mẹ́ta. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọgbọ́nkọ́gbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó tún ojú ìwé kejìdínláàádọ́rùn-ún kọ bó ṣe yẹ. Nítorí pé méjì tó tẹ̀ lé e gbára lé e, ó tún àwọn náà kọ. Ní ojú ìwé àádọ́rùn-ún, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan síbẹ̀: ó fi ìwọ̀n kan sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà níbi tó yẹ kó ti sọ ọ́ di íǹṣì. Èsì rẹ̀ wá kéré ní ìlọ́po méjìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ló máa ń ṣe irú rẹ̀, olùkọ́ á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì. Ó wá kọ L.H. sí ìsàlẹ̀, lẹ́tà orúkọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbà pé òótọ́ ni. Bí Arvo bá rí i, ojú rẹ̀ ń ríran nìyẹn, kó máa lọ ní àlàáfíà. Bí kò bá rí i ńkọ́? Lempi kò ro ìyẹn débì kankan. Ó fi ìwé náà sínú báàgì, ó tún lọ nu abọ́.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló dé ilé Arvo. Láti ibẹ̀ dé yunifásítì kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Àpótí tí igba ojú ìwé ó lé mọ́kànlá tó kù wà nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Arvo ti po kọfí sílẹ̀, ó ti gé búrẹ́dì olóòórùn dídùn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nísù, ó sì ń bínú sí ojú ọjọ́ bí ìṣe rẹ̀. Lempi sọ fún un pé òun tún mẹ́ta kọ, àtúnṣe kékeré ni. Arvo kò bèèrè ìdí. Ó gba ìwé, ó sún àga sẹ́nu fèrèsé, ó wọ awò ojú, ó to pẹ́ńsùlù méjèèjì síwájú, yẹ́lò lápá ọ̀tún, pupa lápá òsì, ó sì fa ẹ̀rọ ìṣirò mọ́ra.

Lempi kò lè jẹun. Ó rìn dé ibi tí fọ́tò wà lára ògiri, ó rìn padà. Ó gbé ife, ó gbé e kalẹ̀ láìmu.

"Ọmọ Hakala, jókòó," ni Arvo wí láìgbójú sókè. "Ilẹ̀ ilé yìí dàgbà jù mí lọ, má rìn ín wó."

Ó fa yẹ́lò sí ti àkọ́kọ́. Ó fa yẹ́lò sí ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, yẹ́lò náà ló tún mú lọ́wọ́, àyà Lempi sì já. Ọwọ́ bàbá dúró. Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ó tún un tẹ̀. Ó wá fi yẹ́lò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó mú pupa, ó yí ẹsẹ̀ bàtà yẹn po.

Ara tu Lempi. Ó sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó la ẹnu, ó ní irú àṣìṣe wo lèyí, ó ní oorun ló fà á, ó na ọwọ́ kó gba ìwé kó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kò mọ irọ́ pa, kò sì mọ̀ ọ́n pa láti kékeré. Arvo kò fún un ní ìwé náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Lẹ́tà mi kọ́ nìyẹn?"

"Lẹ́tà rẹ ni mo rí. Àṣìṣe yìí kì í ṣe tìẹ." Ó yọ awò ojú. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Mo mọ àṣìṣe rẹ bí mo ṣe mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ, nọ́ńbà lo máa ń yí sódì tó o bá ń dà á kọ, torí o máa ń kánjú. O ò gbàgbé íǹṣì rí láyé rẹ. O mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni."

Ojú ti Lempi. Ó rò pé òun á jiyàn, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láti orí 46 dé orí ẹja tí wọ́n bá a ka iye rẹ̀. Arvo gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà, ó ní kó mú ojú ìwé àtijọ́ wá. Lempi mú un jáde nínú báàgì. Bàbá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo nọ́ńbà, ó wo ìlà yẹ́lò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wo lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀.

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan," ló wí nígbẹ̀yìn. "Awò ni mo gbàgbé sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo ra ẹja. Èyí tó o rí yìí, mi ò wò ó ni."

"Ẹ ò wò ó?"

"Títí dé bí ọgọ́ta ojú ìwé, mo wò ó. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni mo tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bi ara mi pé kí ni mò ń wá? Ṣebí Hakala ni, ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ. Mo wá ń kà á bí ìgbà tí bàbá ń ka lẹ́tà ọmọ. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mò ń kà, mò ń fa ìlà." Ó nu ojú. "Ìtìjú ńlá ni, mi ò sì ní bò ó fún ẹ."

Ohun tí Lempi ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ kọ́ nìyí. Bó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fọ́, àánú á ṣe é, ó tán. Inú bí i báyìí, inú bí i gidigidi, nítorí ìfẹ́ ni bàbá yìí fi ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ta lèèyàn fẹ́ fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn? Arvo tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà sí ti ọ́fíìsì àtijọ́.

"Ìwọ náà, o mú ayédèrú wá fún mi, o sì kọ lẹ́tà rẹ sábẹ́ rẹ̀. Tó o bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé mo ti ṣìṣe, ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé ọgọ́ta lọ́jọ́ yẹn, bóyá à bá sì parí kí aago méjìlá òní tó lù. Ní báyìí, mi ò mọ iye tí yẹ́lò mi jẹ́ mọ́, mi ò sì mọ iye tí lẹ́tà tìẹ jẹ́. Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi."

"Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo lè kọ A.K. sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí tó o bá ti tún ìkẹta ṣe. Wàá débẹ̀ kó tó di méjìlá. Darlene ò ní mọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ò ní mọ̀. Tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, kí n wò ó bí iṣẹ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn máa gbà. Ọwọ́ mi lo fẹ́ ni, àbí ojú mi? Ìwọ ni kó o sọ, torí ìwọ lo máa pàdánù."

Lempi yí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ó wà á títí dé ẹnu títì, ó dúró síbẹ̀ láìpa á. Yìnyín orí adágún ń sán lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ro kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó máa kú. Ó ro ìrọ̀lẹ́ ọdún méjì míì nínú kíláàsì láàárín àwọn ọmọ tí kò ju ọmọ tirẹ̀ lọ. Ó ro ọkùnrin kẹta tí wọ́n máa mú wá lóṣù Kẹjọ, tó máa bi í pé ọ̀nà wo ló lọ sódò Kelo, tó sì máa pè é ní olóòótọ́ òṣìṣẹ́. Ó kórìíra Arvo. Ó kórìíra ara rẹ̀ ju Arvo lọ. Ó yí ọkọ̀ padà, ó yí i síwájú, ó tún yí i padà, títí tó fi gbẹ́ kòtò méjì sínú ẹrẹ̀ bàbá náà.

Agbégilódò mẹ́rìnlá ló ń kọjá lórí afárá yẹn lóòjọ́, bọ́ọ̀sì ilé ìwé náà sì ń kọjá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Lempi mọ ẹni tó ń wà á. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbà pé afárá náà lè gbé wọn, ó sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ó ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, kò sì rí èsì tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún.

Nígbà tó padà wọlé, àpótí ló gbé dání. Ó gbé e ka orí tábìlì láàárín ife kọfí, ó ṣí i, ó yọ ojú ìwé kìíní, ó sì fi síwájú Arvo.

"Ojú yín ni mo fẹ́," ló wí. "Ẹ má pè mí lọ́mọ Hakala títí ẹ ó fi parí rẹ̀."

Arvo mi orí. Lempi pe Darlene lórí fóònù, ó ní òun kò wá mọ́. Darlene ní aago kò tíì lù o. Lempi ní òun mọ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń fa ìlà yẹ́lò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àtijọ́, kò sọ̀rọ̀, kò mu kọfí. Ojú ìwé kẹfà ló wà nígbà tí fèrè àwọn panápaná dún láàárín ìlú, bó ṣe máa ń dún ní aago méjìlá lójoojúmọ́ láti fi sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ti tó àkókò oúnjẹ. Ó dún, ó dún, ó wá rọlẹ̀. Omi bọ́ lójú Lempi, ó sì jẹ́ kó bọ́, nítorí pé ọdún méje ló bá fèrè yẹn lọ. Arvo kò gbójú sókè. Ó yí sí ojú ìwé keje.

Ní ojú ìwé kẹsàn-án, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù pupa.

"Wá wo èyí," ló wí.

Lempi wá. Apá òkè ojú ìwé náà ni, níbi tó ti ka irin tó gbé afárá náà dúró. 71 ló wà lójú ìwé kẹjọ. Níbí, 17 ló wà, lọ́wọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ìlà yẹ́lò àtijọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó gún régé.

"Ṣebí ẹ ní títí dé ọgọ́ta lẹ wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó," ni Arvo wí. Ó fi ìka tẹ ìlà yẹ́lò náà. "Lempi, èyí, mo wò ó, mi ò sì rí i."

Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó fi pa mọ́ fún ìkejì. Lempi lọ gbé àga míì wá, ó jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń ka nọ́ńbà sókè kí bàbá lè máa tẹ̀ ẹ́. Arvo fi pupa yí 17 po, ó kọ A.K. àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kó ka ti ojú ìwé kẹwàá.